Ẹ Yé Lé Àlejò Kúrò Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìmọ̀ràn kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwa ará Èkó. Kí ìbátan kan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston pé òun ń bọ̀, kí ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn ní òun fẹ́ mú àwọn ọmọ òun wá wo Èkó, ohun kan náà la máa wí fún gbogbo wọn. Ẹ wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island tàbí Lekki. Ẹ lọ sí etíkun. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń jó mọ́jú. Ẹ má wọ dánfó, ẹ má fẹsẹ̀ rìn, inú ọkọ̀ amúlétutù ni kẹ́ ẹ wà. Oṣù Kejìlá ni kẹ́ ẹ wá, ìgbà yẹn ni Èkó ń dùn. Lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ á wá tẹ̀ lé e: ẹ má dé Ìdúmọ̀tà o, ẹ má dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ ìta pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á gba fóònù yín, kò sì sí nǹkan kan tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀.

Mo ta ko ìmọ̀ràn yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú àwọn èèyàn sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò òun fi omijé padà sílé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń ṣi àlejò lọ́nà, ó sì ń ṣe ìlú ní ibi tó ju ti àlejò lọ. Ẹni tó wá sí Èkó tó fi ọ̀sẹ̀ méjì jó ní Lekki, tó ya fọ́tò létíkun, tó wọ bàálù padà, kò tíì rí Èkó. Ìdí rẹ̀ tó wà nínú ìtàn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Erékùṣù ni Èkó. Kí wọ́n tó ṣí Afárá Carter ní 1901, kò sí afárá kankan tó so ó mọ́ Ìddó àti ilẹ̀ tó wà lókè. Ọkọ̀ ojú omi lẹni tó ń bọ̀ wá sí Èkó ń wọ̀. Gbogbo ibi tí à ń pè ní Èkó lónìí, láti Agége títí dé Ajáh, ẹ̀yìn ni wọ́n wá bọ́ sábẹ́ orúkọ náà. Lórí erékùṣù kékeré yìí ni Àrómirẹ́ ti gbin ata, orí oko ata yẹn sì ni Ìga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, dúró sí títí di òní. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti rọ̀jò ìbọn àgbá ní Oṣù Kejìlá 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé ní 6 Oṣù Kẹjọ 1861, tí Èkó fi bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà làwọn Sàró dé láti Sierra Leone, tí wọ́n tẹ̀dó sí Ọlọ́wọ́gbowó, táwọn Àgùdà sì dé láti Brazil àti Cuba, tí wọ́n kọ́lé sí Pópó Àgùdà. Nígbà tí àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ padà láti Ẹ̀pẹ́, àwọn náà rí ilẹ̀ tiwọn, ìyẹn Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rin gbogbo àdúgbò wọ̀nyí já láàárín òwúrọ̀ kan, kí oòrùn tó mú. Ìlú wo ló tún wà ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìtàn pọ̀ báyìí lórí ilẹ̀ kékeré báyìí?

Ẹ wá wo ibi tí à ń rán àlejò lọ. Ẹrọ̀fọ̀ àti àbàtà ló pọ̀ jù ní Victoria Island kí wọ́n tó kó iyanrìn dí i. Láàárín rẹ̀ sí ibi tí Lekki ti bẹ̀rẹ̀ ni Màrókò wà nígbà kan, àdúgbò àwọn tálákà tí a fojú bù sí 300,000 èèyàn, títí di Oṣù Keje 1990 tí ìjọba ológun fi katakata wó o palẹ̀. Àwọn ilé olówó gọbọi ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Eko Atlantic tí wọ́n ń fi yangàn fún àlejò, iyanrìn tí wọ́n fà láti inú òkun ni. N kò bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó ń gbé ibẹ̀, n kò sì sọ pé kéèyàn má sùn níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé onígíláàsì, ilé oúnjẹ tí iná rẹ̀ ń tàn wẹ́wẹ́, àti ilé ijó tí orin rẹ̀ ń dún dàárọ̀ wà ní Dubai, ó wà ní Accra, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí àlejò ti gbéra. Kí ló dé tí a ó fi jẹ́ kó náwó bàálù nítorí ohun tó fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀?

Etíkun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn etíkun tí a ń rán wọn lọ ló ní géètì, owó ẹnu géètì ni àlejò sì máa kọ́kọ́ san kí ó tó rí omi tí Ọlọ́run dá. Omi náà kò sì ṣeé wẹ̀. Ìgbì òkun tó ń lu Lekki àti Victoria Island lágbára, ó máa ń fa èèyàn lọ sójú ibú lójijì, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ara kan omi, Tarkwa Bay ló yẹ kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, nítorí ògiri òkúta tí wọ́n tò sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté dáàbò bo ibẹ̀, ìgbì ibẹ̀ sì rọ̀. Kí onítọ̀hún rántí pẹ̀lú pé ní Oṣù Kìíní 2020 làwọn ológun ojú omi lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jáde, kí ó máa ra ẹja àti àgbọn lọ́wọ́ àwọn tó bá rí, kó má yọwó ọjà ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí màá ti mú àlejò wọ Èkó bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló wà.

Ọjọ́ Àìkú ni màá mú. Lọ́jọ́ yẹn ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà á ti tì, àwọn àtẹ tó máa ń bo ojú ilé á ti kúrò nílẹ̀, èèyàn á wá lè gbójú sókè wo ilé tí kò lè rí láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta. Bí àlejò bá wọ̀ sí ìhà Sùúrùlérè tàbí Fẹ́stàkì, ọkọ̀ ojú irin ni màá ní kó wọ̀. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, ìrìn kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún péré. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, káàdì náà sì ṣeé lò nínú bọ́ọ̀sì BRT. Kí ọkọ̀ náà tó wọ Marina, orí ọ̀sà ló ń gbà kọjá, èèyàn á sì rí erékùṣù náà bó ṣe ń yọ látinú omi, bí àwọn baba wa tó wakọ̀ wá ṣe rí i. Kò sí ọkọ̀ amúlétutù kankan tó lè fi ìyẹn hàn án nínú gò-slòó òpópónà Ozumba Mbadiwe.

Ní Marina, ẹ kọ́kọ́ wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà Christ, tí wọ́n parí ní 1946, kẹ́ ẹ gbọ́ bí dùùrù ńlá wọn ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà, ẹ yà sí Kakawa. Ibẹ̀ ni Ilé Omi wà, ilé tí João Esan da Rocha kọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bahia. Ó di àgbà, ó rí òmìnira rẹ̀ gbà, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ padà wá sí Èkó. Ó gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀. Kó tó di pé omi ẹ̀rọ Ìjù dé Èkó, lọ́dọ̀ wọn làwọn èèyàn ti ń ra omi tó mọ́. Cândido ọmọ rẹ̀ wá di ọlọ́rọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wọ ẹnu àwọn ará Èkó dé ibi tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń náwó ní ìná àpà, da Rocha ni wọ́n á fi í wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sí nǹkan kan láti wò, ẹ wá bá mi wá ìtàn tó tó èyí ní ilé ijó Lekki.

Láti ibẹ̀, ẹ gba Tinúbú kọjá. Gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ Ìyáàfin Ẹfúnróyè Tinúbú nìyí, obìnrin Ẹ̀gbá tí ọrọ̀ àti ọgbọ́n òṣèlú rẹ̀ ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí aṣojú ìjọba wọn fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ilé Glover Hall kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han gbogbo èèyàn ní ilẹ̀ yìí, ní Oṣù Kẹjọ 1903, ibẹ̀ náà sì ni Hubert Ogunde ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944. Òótọ́ ni pé wọ́n ti tún ilé náà kọ́. Àmọ́ kí ọmọ Yorùbá tó ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù ní Houston dúró síbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni màá ti jókòó pẹ́. Òpópónà Martins ló wà, àárín ọjà. Ní 4 Oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta, ọmọ Sàró, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, Súltánì Ìlú Turkey sì fi oyè Bey dá a lọ́lá lọ́jọ́ ìṣílé náà. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà tó ti Brazil dé, ló darí iṣẹ́ náà. Ẹ dúró sí iwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ojú ògiri náà dáadáa. Òdòdó àti ewé tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ sára ògiri wà níbẹ̀, òpó róbótó róbótó wà níbẹ̀, ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ lókè, àwọn ilé ìṣọ́ kékeré sì ṣu sókè lórí òrùlé. Bí ẹ bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Salvador da Bahia, ẹ ó mọ ọwọ́ tó ṣe é. Irú iṣẹ́ ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi ń mọ òdòdó sí ara ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ ẹrú ni wọ́n fi ṣe ilé Ọlọ́run fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tó wọlé, kí obìnrin bo orí, kẹ́ ẹ má sì lọ lásìkò ìrun.

Pópó Àgùdà ló kàn: Òpópónà Bámgbóṣé, Ìgbósẹ̀rẹ̀, Gbàgede Campos. Èyí tó kù nínú àwọn ilé Àgùdà kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó láti wò: ilẹ̀kùn pákó tí wọ́n gbẹ́, àwọ̀ tó ti ṣá, báńkónì irin tí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wà lórí rẹ̀, ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo yín. Ẹ kí i kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè. Bí ẹ bá sọ pé, "Ẹ kú ìjókòó, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ya fọ́tò ilé yín?" kì í ṣe fọ́tò nìkan lẹ ó gbà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́lé náà fún yín, kí wọ́n sì sọ ọmọ rẹ̀ tó padà sí Brazil àti èyí tó kú sí Èkó. Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross wà nítòsí. Àwọn Àgùdà wọ̀nyí ló kọ́ ti àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ èyí tó dúró báyìí.

Bí ebi bá pa yín, ẹ má lọ wá ilé oúnjẹ onítábìlì funfun. Ẹ wá ẹlẹ́wà aganyin. Ẹ wo bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ìgbakọ lọ ẹ̀wà náà títí á fi rọ̀ múlọ́múlọ́, táá wá bu ata sí i lórí, ata gbígbẹ tó ti dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú, tí òórùn àlùbọ́sà jíjóná rẹ̀ ń gba gbogbo òpópónà. Búrẹ́dì Agége ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bó bá sì ṣe pé ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú lẹ bọ́ sí, ẹ wá ilé Àgùdà kan tí yóò bu frejon fún yín, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú omi àgbọn, tí wọ́n fi ọbẹ̀ ẹja àti gàrí jẹ. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ ọ́n sè tó wọn.

Mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ọmọ ìta ńkọ́?

Ọmọ ìta wà. N kò ní parọ́ fún yín. Àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ àpò wà ní Ìdúmọ̀tà, pàápàá nígbà tí ọjà bá kún. Àwọn tó máa ní kẹ́ ẹ san owó nítorí pé ẹ gbé kámẹ́rà wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ṣé kò sí ẹni tí wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gò-slòó Lekki? Ṣé kò sí àlejò tí wọ́n ti fi owó hòtẹ́ẹ̀lì lù ní jìbìtì ní Victoria Island? Àti pé ará Lọ́ńdọ̀nù tí à ń dẹ́rù bà yìí, ṣé kò mọ̀ pé àwọn ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ máa ń já fóònù gbà lójú títì níbẹ̀? A kì í sọ fún ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó má dé àárín ìlú. A máa ń ní kó ṣọ́ra. Kí ló dé tí ti Èkó fi jẹ́ ká kúkú sá fún un?

Ọ̀nà àtiṣọ́ra kò le. Ẹ fi fóònù sápò inú. Ẹ gbé báàgì síwájú. Ẹ má ka owó lójú títì. Ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì ti kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wọ aṣọ fífúyẹ́ àti bàtà tí kò ní dùn yín tí ẹrọ̀fọ̀ bá ta sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wá ọmọ àdúgbò kan tí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ mọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ bá a sọ iye owó tẹ́ ẹ ó fún un kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì san án láìjanpata. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá ń bá yín rìn, ó máa kí bàbá yìí, á kí ẹ̀gbọ́n tọ̀hún, àwọn ọmọ ìta tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù á sì fọwọ́ sókè kí i padà. Àwọn èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ìyá àgbà, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn aláàfáà, àwọn tó ń ránṣọ. Ẹni tó bá ń sọ pé "ọmọ ìta" nìkan ló wà níbẹ̀ ti sọ gbogbo wọn di olè lẹ́yìn wọn.

Ibì kan wà tí n kò ní jiyàn. Àwọn ilé kan lórí erékùṣù náà ti gbó kọjá ohun tó yẹ kéèyàn gùn. Ní 13 Oṣù Kẹta 2019, ilé alájà kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ó sì pa àwọn ọmọdé. Nítorí náà ìta ni kẹ́ ẹ ti wo ilé tó bá ti sán, ẹ má gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì tẹ́nì kan ò fọwọ́ sọ̀yà fún yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé tó ń wó yìí ló gbé mi dé ibi tó ń dùn mí jù. Ilé kan wà ní Gbàgede Tinúbú, Ilojo Bar. Nǹkan bí 1855 làwọn Fernandez kọ́ ọ. Fèrèsé rẹ̀ gígùn, báńkónì rẹ̀, ọ̀nà tó tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń sọ ìtàn àwọn tó ti òkè òkun padà wálé. Ní 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré ló gbà wọ́n. Ìwé ìkéde kò dá katakata dúró.

Báwo ni irú ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú gbangba? Ó ṣẹlẹ̀ nítorí pé a ti kọ́ ara wa pé kò sí nǹkan tó wà níbẹ̀. Ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi kan àwọn ìdílé tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó àtúnṣe pọ̀, mọ̀lẹ́bí pọ̀, ilẹ̀ abẹ́ ilé sì níye lórí ju ilé lọ. Lójoojúmọ́ làwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ọjà olókè mẹ́fà ń kan ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ta ló tún ń kan ilẹ̀kùn náà? Àlejò tí ì bá wá san owó láti wọ ọgbà, tí ì bá ra omi àti oúnjẹ nínú àgbàlá, tí ì bá bi ọmọ ilé náà pé kí bàbá yín ń jẹ́, a ti sọ fún un pé kó má wá. N kò sọ pé owó àlejò nìkan lè gba ilé là. Òfin tó lẹ́nu àti ìjọba tó fẹ́ pọn dandan. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ń wò lójoojúmọ́, kì í rọrùn láti wó láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, níbi tí wọ́n ti ti Herbert Macaulay, ajìjàgbara, mọ́lé, ti di Freedom Park láti 2010. Ayàwòrán ilé Theo Lawson ló tún un tò. Níbi tí wọ́n ti ń pa èèyàn nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orí ìtàgé ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn olùkọ̀wé sì ń péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Oníkàn, Dókítà John Randle gbẹ́ odò ìwẹ̀ kan ní 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ nígbà tí ìjọba amúnisìn kò dá wọn lóhùn. Odò náà bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní Oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Buhari ṣí Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ Randle níbẹ̀, wọ́n sì tún odò ìwẹ̀ náà ṣe. Ní òdìkejì rẹ̀ ni Mùsíọ́ọ̀mù wà láti 1957, ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, sínú rẹ̀ ní 1976 sì wà níbẹ̀, ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ bá mi ka iye àlejò Oṣù Kejìlá tí a máa ń mú lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Oṣù Kejìlá náà. Ìgbà yẹn ni owó hòtẹ́ẹ̀lì àti ti bàálù máa ń gorí àjà, tí gò-slòó ń jẹ gbogbo ọjọ́ èèyàn, tí eruku ọyẹ́ ń bo ojú ọ̀run. Bó bá jẹ́ ìlú lẹ fẹ́ rí, ẹ wá nígbà Àjíǹde, tí àwọn ará Láfíàjì àti Pópó Àgùdà máa ń gbé ijó Fanti àti ti Careta jáde pẹ̀lú aṣọ aláràbarà. Tàbí kẹ́ ẹ wá ní Oṣù Kọkànlá, tí òjò ti ń dáwọ́ dúró tí owó kò tíì lọ sókè. Oṣù Kẹfà lẹ lè yẹra fún, òjò ìgbà yẹn kì í fẹ́ dá. Tí ẹ bá sì gbọ́ pé wọ́n ti kéde Adámú Òrìṣà, ìyẹn eré Ẹ̀yọ̀, ẹ pa gbogbo ètò míì tì. Eré Ẹ̀yọ̀ kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ikú Ọba tàbí ti ẹni ńlá ló sábà máa ń fà á jáde. Bí aṣọ funfun bá ti bo gbogbo erékùṣù náà, tí Adímú, Ẹ̀yọ̀ àgbà, ṣáájú, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí fìlà àti gèlè, ẹ má mu sìgá, kí obìnrin má di ṣùkú. Ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, kì í bi èèyàn pé ìlú wo lo ti wá.

Mo fẹ́ bá àwa tí ilé bàbá wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí àwa gan-an la ń tan ìmọ̀ràn náà kálẹ̀ jù. A kó lọ sí Ajáh, a kó lọ sí Magodo, nígbà ìsìnkú nìkan la máa ń dé agboolé. Bí ọmọ wa bá bi wá pé níbo la ti wá, orí Afárá Kẹta la ti ń nawọ́ síbẹ̀ láti inú ọkọ̀, a ń sọ pé apá ibẹ̀ yẹn ni. Ọmọ náà á dàgbà, òun náà á wá máa sọ fún àlejò tirẹ̀ pé kó má dé ibẹ̀. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu bí àwọn tó ń ra ilẹ̀ bá wó ilé náà, tí ẹnì kan kò sunkún?

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ṣì ń gbé agboolé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Ẹ ra búrẹ́dì àti bọ́tà dání. Ẹ kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ ojú irin, tàbí kẹ́ ẹ gba orí omi láti Ìkòròdú wá sí Marina ní ojúmọmọ, kí kálukú wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò létí omi. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ní kí àǹtí náà mú yín rìn dé Kakawa, dé Shitta-Bey, dé Bámgbóṣé, kó máa dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí àlejò òkè òkun bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó ti mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa mú un gbà.